Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Yí Ẹnu Odò Exe Ká

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó ṣe ará ìlú ní àǹfààní tó ọ̀nà. Ọ̀nà ni ó so ilé mọ́ oko. Ọ̀nà ni ó so oko mọ́ ọjà. Òun náà ni ó sì so ìlú kan mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti dára tó, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń fẹ́ kí ó ṣí sílẹ̀. Láti ìgbà láéláé ni àwọn alágbára ti ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn aláìlágbára, tí wọn a sì máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá. Ìtàn ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn ń gun kẹ̀kẹ́ gbà yí ẹnu odò kan ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi èyí hàn wá kedere, yóò sì fi hàn wá bí ilẹ̀ kan náà ti lè gba onírúurú ènìyàn àti ẹ̀dá láì sí ìjà.

Odò Exe ni orúkọ odò náà, ẹkùn Devon ni ó sì wà, ní ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣàn odò yìí jẹ́ ohun ìyanu. Orí ilẹ̀ gíga kan tí à ń pè ní Exmoor ni ó ti sun, níbi tí òkun ìhà àríwá kò ju nǹkan bí máìlì 5 lọ sí i. Ènìyàn ì bá rò pé òkun tí ó súnmọ́ ọn yìí ni yóò ṣàn lọ bá. Ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí i, ó dojú kọ gúúsù, ó sì rin ìrìn tí ó ju máìlì 50 lọ kí ó tó wọ inú òkun tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé.

Nígbà tí ó bá kọjá ìlú Exeter tán, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí gbòòrò títí yóò fi fẹ̀ tó máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ibòmíràn. Irú ibi báyìí, tí omi odò tí kò níyọ̀ ti ń pàdé omi òkun oníyọ̀, ni ẹnu odò. Àwọn ọmọ etí ọ̀sà ní ilẹ̀ wa mọ irú omi bẹ́ẹ̀ dáradára. Lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọ̀sán kan àti òru kan ni omi òkun máa ń kún wọ inú ẹnu odò Exe, lẹ́ẹ̀mejì ni ó sì máa ń fà padà. Bí omi bá kún, àwọn ọkọ̀ a léfòó, ojú omi a sì máa dán bí àwòjìji. Bí omi bá fà, ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ó lọ salalu a hàn síta, àwọn ọkọ̀ kéékèèké a sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹran tí ó rẹ̀. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní òwúrọ̀ tí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ lè rò pé ibòmíràn ni òun dé.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀lé etí omi yìí ní apá méjèèjì. Bí a bá kà á láti Exmouth, tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn, lọ sí òkè dé etí ìlú Exeter, tí a sì tún sọ̀ kalẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn títí dé Dawlish, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 16. Ọ̀nà náà rí bí ọrun ọdẹ tí a tẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí ń kó èrò láti Exmouth sọdá sí Starcross ni ọsán tí ó so orí ọrun náà pọ̀, òun ni ó sì mú kí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lè yípo padà sí ibi tí ó ti gbéra láì gba ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú púpọ̀. Nítorí náà àgbàlagbà lè gùn ún, ọmọdé náà sì lè gùn ún.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ìrìn wa ní Exeter. Ìlú àtijọ́ ni. Ó ti lé ní ọdún 1,900 tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ti tẹ ibùdó wọn dó síbẹ̀. Òwò ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá, pàápàá òwò aṣọ tí a fi irun àgùntàn hun, odò Exe sì ni ọ̀nà tí òwò náà ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Bí omi òkun bá ti kún, ọkọ̀ ọlọ́jà a bá a gòkè wá títí dé ẹsẹ̀ odi ìlú.

Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà ní nǹkan bí ọdún 1284. Obìnrin ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Isabella de Fortibus, ẹni tí ó jogún oyè àti ilẹ̀ Devon, sé odò náà ní ìsàlẹ̀ Exeter kí omi lè ní agbára láti yí ọlọ rẹ̀. Ìtàn sọ pé ó fi àlàfo tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30 sílẹ̀ láàrin ìsédò náà kí ọkọ̀ lè máa rí ibi kọjá. Nígbà tí ó kú, oyè àti ilẹ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ ìdílé Courtenay. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, Hugh de Courtenay dí àlàfo náà pátápátá. Lẹ́yìn èyí ó kọ́ èbúté tirẹ̀ sí Topsham, tí ó jìnnà sí Exeter ní máìlì 4. Láti ìgbà náà lọ, ọkọ̀ tí ó bá ti òkun bọ̀ ní láti já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní Topsham, owó ibodè a sì bọ́ sí àpò olóyè náà. Àwọn oníṣòwò Exeter a wá máa fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù kó ọjà wọn lórí ilẹ̀ wọ ìlú.

Exeter kò panu mọ́. Wọ́n rojọ́ lọ́dọ̀ ọba. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì gba ìdáre. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tú ìsédò olóyè tí ó ní ọmọ ogun? Ó lé ní igba ọdún tí odò wọn wà ní dídí mọ́ wọn lójú. Nígbà tí Ọba Edward Kẹfà wá fún wọn ní àṣẹ ní ọdún 1550 láti ṣí ọ̀nà omi wọn padà, ẹ̀pa kò bóró mọ́: ẹrẹ̀ àti yanrìn ti kún ojú odò débi pé ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí wọ́n gbé sé odò náà ni à ń pè ní Countess Wear títí di òní, èyí tí ó túmọ̀ sí ìsédò obìnrin olóyè. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ jáde kúrò ní Exeter yóò kọjá níbẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí àwọn ará Exeter rí i pé odò kò ṣe é lò mọ́, wọ́n pinnu láti gbẹ́ odò mìíràn. Wọ́n bẹ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Trew ní ọ̀wẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1564, ó sì parí ní ọdún 1566. Odò àfọwọ́gbẹ́ náà kò tó máìlì 2 ní gígùn. Ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 péré. Àwọn ilẹ̀kùn omi tí ó wà nínú rẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: ọkọ̀ a wọ inú iyàrá omi kan tí ó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, a ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a ó sì jẹ́ kí omi wọlé láti òkè díẹ̀díẹ̀. Bí omi inú iyàrá ti ń ga sí i ni ọkọ̀ ń ga sí i, títí yóò fi bá omi òkè dọ́gba. Nígbà náà ni a ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú kí ọkọ̀ máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, a ó yí ètò náà padà. Ní ọdún 1677 wọ́n fà á gùn dé iwájú Topsham. Ní ọdún 1701 wọ́n tún un gbẹ́ kí ó lè jìn kí ó sì fẹ̀. Ní ọdún 1830 ó sì dé ibi tí à ń pè ní Turf. Lónìí, máìlì 5 ni gígùn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Exeter ní ọdún 1844 ni ó gba òwò mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bèbè rẹ̀, níbi tí àwọn tí ń fa ọkọ̀ ti ń rìn rí, ti di ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́.

Bí a bá gba apá ìlà-oòrùn lọ láti Countess Wear, Topsham ni a ó kọ́kọ́ dé. Àwọn ilé kan wà ní etí omi níbẹ̀ tí orí wọn tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ti àwọn ilé ilẹ̀ Họ́láńdì. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ Họ́láńdì ni àwọn oníṣòwò Topsham ń kó aṣọ wọn lọ tà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wálé, wọn a di bíríkì sínú rẹ̀ kí ó má bàa fúyẹ́ jù lójú ìgbì, wọn a sì fi bíríkì náà kọ́lé. Topsham yìí kan náà ni wọ́n ti kan ọkọ̀ ogun kan tí ń jẹ́ Terror ní ọdún 1813. Ọkọ̀ yìí àti èkejì rẹ̀, Erebus, ni Sir John Franklin kó lọ ní ọdún 1845 láti wá ọ̀nà gba inú òkun yìnyín kọjá ní òkè ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Yìnyín há wọn mọ́. Nínú àwọn ọkùnrin 129 tí ó lọ, ẹnì kan kò padà wá sílé. Ọdún 2016 ni a tó rí òkú ọkọ̀ Terror ní ìsàlẹ̀ omi. Wíwá ọ̀nà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ní ìsàlẹ̀ Topsham ni odò mìíràn tí ń jẹ́ Clyst ti wọ inú Exe. Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀; bí kò bá sí afárá, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ní láti gba ọ̀nà òkèèrè, níbi tí mọ́tò pọ̀ sí, kí ó tó lè yí odò náà ká. Nítorí èyí ni a ṣe kọ́ afárá tí ó jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ nìkan lẹ́bàá afárá ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abúlé Exton, lẹ́yìn Exton ni ibùdó tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun orí omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ibùdó náà sì ni abúlé Lympstone, tí àwọn ilé rẹ̀ fi ara pọ̀ mọ́ra ní etí omi. Ilé ìṣọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ní aago wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Peters ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1885 ní ìrántí aya rẹ̀, ẹni tí àwọn òtòṣì abúlé náà mọ̀ sí aláàánú.

Kí a tó wọ Exmouth, ilé kan wà tí ó yẹ kí a yà wò. A la Ronde ni orúkọ rẹ̀, igun 16 ni ó sì ní. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan, Jane àti Mary Parminter, ni ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1796 lẹ́yìn tí wọ́n ti rin ìrìn-àjò yí ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n fi ìkarawun àti ìyẹ́ ẹyẹ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara ògiri rẹ̀, wọ́n sì pàṣẹ nínú ìwé ìhágún pé obìnrin ìdílé wọn tí kò ní ọkọ nìkan ni kí ó máa jogún rẹ̀.

Exmouth ni ibi tí ilẹ̀ ti parí tí òkun sì bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ó ti gbé kẹ̀kẹ́ wọ inú ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Starcross. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lọ kọ́kọ́ bèèrè, nítorí pé ọkọ̀ náà kì í ṣiṣẹ́ ní ìgbà òtútù. Bí ọsán bá já, ọrun a dọ̀pá. Ẹni tí ó bá dé Exmouth nígbà náà ní láti gba ojú ọ̀nà tí ó bá wá padà, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé ojú irin wà ní apá méjèèjì odò náà.

Ní Starcross a ó rí ilé olókùúta pupa kan tí ó ga lẹ́bàá ojú irin. Ìrántí ọgbọ́n tí kò bọ́ sí i ni. Isambard Kingdom Brunel, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀rọ tí ó lókìkí jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó pinnu láti fi afẹ́fẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin láì sí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀. Ó tẹ́ ọ̀pá irin oníhò ńlá sí agbedeméjì ojú irin. Nínú ọ̀pá náà ni ìdérí kan wà tí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò náà, irin kan sì so ìdérí yìí mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú ilé olókùúta náà, àti nínú àwọn ilé mìíràn bí irú rẹ̀ lójú ọ̀nà, a máa fa afẹ́fẹ́ iwájú ìdérí náà jáde. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sì tì í síwájú, òun àti ọkọ̀. Kí irin náà lè rí ibi rìn, wọ́n la ẹ̀yìn ọ̀pá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì fi awọ tí a fi ọ̀rá pa bo ojú rẹ̀. Awọ yìí ni ó ba iṣẹ́ jẹ́. Òjò ń rẹ ẹ́, òtútù ń gan an, ó ń ya, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibi tí ó ya wọlé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1847 ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1848, kí ọdún tó yí po, wọ́n pa á tì.

Láti Starcross, ọ̀nà yóò mú wa lọ sí òkè lẹ́bàá ọgbà ńlá tí agbo àgbọ̀nrín ti ń jẹ̀. Ọgbà ilé olódi Powderham ni, èyí tí Sir Philip Courtenay bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1391, tí ó sì wà lọ́wọ́ ìdílé náà títí di òní. Kí òǹkàwé rántí orúkọ náà: ìdílé Courtenay ni ó dí odò mọ́ Exeter lójú. Lónìí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olówó tàbí tálákà, lè gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́bàá ọgbà wọn kí ó sì wo àgbọ̀nrín wọn láì san kọ́bọ̀. Iwájú díẹ̀ ni Turf, níbi tí odò àfọwọ́gbẹ́ ti pàdé ẹnu odò. Ilé àlejò kan wà níbẹ̀ tí àwọn èrò kì í gbé mọ́tò dé. Ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń bá débẹ̀. Láti ibẹ̀, bèbè odò àfọwọ́gbẹ́ yóò mú wa padà sí Exeter.

Àmọ́ ènìyàn nìkan kọ́ ni ó ni ẹnu odò yìí. Ẹrẹ̀ tí ojú àlejò rí bí ohun tí kò wúlò kún fún àwọn ekòló àti ìgbín kéékèèké, òun sì ni oúnjẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ ní ìgbà òtútù. Àwọn kan ti Siberia ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá, àwọn mìíràn sì ti Iceland wá. Avocet, ẹyẹ funfun òun dúdú tí ẹnu rẹ̀ yí sókè bí abẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀, wà lára wọn. Àwọn ènìyàn ti pa á run kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, kí ó tó padà wá bẹ̀rẹ̀ sí pamọ níbẹ̀ ní ọdún 1947. Nígbà tí omi bá fà nìkan ni àwọn ẹyẹ etí omi wọ̀nyí lè jẹun tẹ́rùn. Bí ajá tàbí ariwo bá lé wọn dìde ní àkókò náà, agbára tí wọn ì bá fi la òtútù já, tí wọn ì bá sì fi fò padà sílé, ni wọ́n ń fi ṣòfò. Nítorí náà ni a ṣe ya àwọn ibì kan sọ́tọ̀ fún wọn, tí a sì ń rọ àwọn èrò pé kí wọ́n so ajá wọn, kí wọ́n má sì kúrò lójú ọ̀nà. Bákan náà ni ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ gbọdọ̀ fara balẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá há, kí ó lu agogo rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó sì yà fún ẹlẹ́sẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí a ṣí fún gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ tún di èyí tí alágbára yóò fi lé aláìlágbára sá.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kò farasin. Igba ọdún ó lé ni ìlú kan fi jìyà nítorí pé ènìyàn kan dí ọ̀nà kí àpò tirẹ̀ lè kún. Ọ̀nà tí ó yí odò náà ká lónìí kò mú owó ibodè wọlé fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ oníṣòwò abúlé ń rí tirẹ̀ jẹ nínú rẹ̀, ọmọdé ń rí ibi ṣeré, arúgbó ń rí afẹ́fẹ́ fà, ẹyẹ sì ń rí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá di olórí lọ́jọ́ iwájú ní ìlú tirẹ̀, tí agbára àti dí ọ̀nà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó rántí Countess Wear. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra. Etí odò náà sì tó gbogbo wa í rìn, bí ẹnì kan kò bá ti sọ pé ti òun nìkan ni.